Mo fẹ́ mú Màámi lọ sí London lásìkò òtútù: ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn

Àjọkẹ́ Bódìjà, 4 Ọkitóbà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Físà èmi àti Màámi jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ní Woolwich, ní London, la máa dé sí. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Màámi sì ti fi orí òkè búra pé àwọn ò ní í wo ọmọ ọmọ àwọn lórí fóònù mọ́. Ọjọ́ 12 Dìsẹ́ńbà la fẹ́ gbéra, ká padà lọ́jọ́ 9 Jánúárì. Ẹni ọdún 72 ni Màámi, orúnkún ń dùn wọ́n díẹ̀, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní tèmi, ibi tó tutù jù lọ tí mo dé rí ni Jos.

Irú aṣọ wo ni ká rà, níbo la sì ti máa rà á? Oúnjẹ wo la lè dì tí wọn ò ní í gbà lọ́wọ́ wa? Ibo la lè mú Màámi lọ tí orúnkún wọn ò ní í bú wa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ wo Google. Mo ti wò ó. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ sún un sí Júùnù, àǹtí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ súẹ́tà tí òjò bá rọ̀ n'Íbàdàn!

Àjọkẹ́ Bódìjà

Ẹ ṣé. Àmọ́ tó bá di Júùnù, ọmọ ti ń rá kiri. Jòjòló ni Màámi fẹ́ gbé. Ìmọ̀ràn mìíràn.

Bàbá Peckham

Àjọkẹ́, ẹ kú ìmúra. Ọdún 1994 ni mo dé ìlú yìí, mi ò sì lè ka iye àlejò tí mo ti gbà láti ilé. Ohun kan wà tí wọn kì í sọ fún arìnrìn-àjò. Òtútù kọ́ ló máa ń mú àgbà ké sí ilé, òkùnkùn ni. Ní Dìsẹ́ńbà, ó di aago mẹ́jọ àárọ̀ kí oòrùn tó yọ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í sì í bá a lójú ọ̀run. Ọjọ́ mìíràn sì wà tó yọ lóòótọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí i, torí ìkùukùu. Ìyá ìyàwó mi wá kí wa nírú àsìkò yẹn. Wọ́n á jí, wọ́n á ṣí kọ́tìnì, wọ́n á ní ilẹ̀ ò tíì mọ́, wọ́n á padà sùn. Wọ́n á jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán, wọ́n á tún ṣí i, ilẹ̀ ti ń ṣú. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n pè mí síkọ̀kọ̀, wọ́n ní ṣé kò sóhun tí àwọn ará ibí ṣe fún Ọlọ́run. Títí dòní, ohun tí wọ́n ń sọ fún wọn l'Óṣogbo ni pé London ò ní ojúmọ́.

Torí náà ojúmọ́ ni kí ẹ fi ṣètò. Ibì kan péré lọ́jọ́ kan. Ẹ jáde nílé ní aago mẹ́wàá, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti wọlé iṣẹ́ tí ọkọ̀ ti gba èèyàn, kí ẹ sì ti máa dorí kọlé ní aago mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín to ibi mẹ́ta pọ̀ lọ́jọ́ kan torí pé ọjọ́ yẹn nìkan ni kò lọ síbi iṣẹ́.

Òtútù fúnra rẹ̀ ò burú tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Láàárín 3 sí 9 lórí ìwọ̀n Celsius ló sábà máa ń wà, yìnyín kì í sì í sábà bọ́ ní London. Àmọ́ ẹ má fi ọyẹ́ wé e. Ọyẹ́ gbẹ, ètè ló ń là. Tibí tutù rinrin, òjò wẹliwẹli ń bá a rìn, egungun ló ń wá.

Ìkejì, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri: lọ́jọ́ Kérésì, 25 Dìsẹ́ńbà, kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí ọkọ̀ ojú irin, kò sí ti abẹ́ ilẹ̀. Ẹyọ kan ò ní í rìn. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbà mí gbọ́, torí lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ yẹn gan-an ni dáńfó ń rówó. Tí Màámi bá fẹ́ lọ sí ìsìn àárọ̀ Kérésì, ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé, tàbí kí ẹ ti bẹ ẹnì kan tó ní mọ́tò sílẹ̀. Lọ́jọ́ 26, díẹ̀díẹ̀ ni ọkọ̀ ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Láàárín ìgbà náà sí ọdún tuntun ni wọ́n sì máa ń ti àwọn ojú irin kan láti tún un ṣe, ẹ wo ojú ìwé ọkọ̀ lórí fóònù kí ẹ tó jáde. Alẹ́ 31 Dìsẹ́ńbà ló yàtọ̀: ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, ẹ lè lọ ìsìn àìsùn kí ẹ sì rí nǹkan wọ̀ padà.

Alátẹ Katangowa

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Èmi ò mọ London o, aṣọ ni mo mọ̀. Òkìrìkà ni mò ń tà ní Katangowa, l'Ágége. Ẹ má lọ ra kóòtù tuntun lówó gọbọi. Béélì tí a bá já, kóòtù onírun máa ń wà nínú rẹ̀, ẹrù ló sì jẹ́ fún wa, torí ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́ l'Ékòó? Owó pọ́ọ́kú la fi ń lé e lọ. Tí ẹ bá ń yàn án: ẹ fa síìpù rẹ̀ lọ sókè sódò nígbà mẹ́ta, ẹ gbé e kọjú sí oòrùn kí ẹ rí i bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́, ẹ wo abẹ́ apá rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ tẹ èyí tó bá ní òwú nínú mọ́ àtẹ́lẹwọ́: tó bá pẹ̀lẹ́bẹ̀ tí kò gbéra padà, òwú rẹ̀ ti kú, kò lè mú ara gbóná. Kó tóbi díẹ̀ jù yín lọ, nítorí súẹ́tà máa wà lábẹ́ rẹ̀. Kó sì bo ìdí. Kóòtù tó dúró sí ìbàdí, ti ọmọge tó ń ya fọ́tò ni.

Ìyá Ìbejì Croydon

Òótọ́ ni, gbogbo aṣọ òtútù tèmi àkọ́kọ́, àlòkù ni. Ṣùgbọ́n ẹ má kó kóòtù sínú àpótí o! Ọwọ́ ni kí ẹ fi gbé e wọ inú ọkọ̀ òfuurufú. Mo rí ìyá kan ní pápákọ̀ tó wọ léèsì àti sálúbàtà, tó dúró ti àpótí rẹ̀ tó fẹ́ máa wá kóòtù lójú gbogbo ayé. Bàtà nìkan ni kí ẹ rà ní tuntun, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ní ẹyín. Àárọ̀ mìíràn wà tí omi inú òpópónà dì tí ẹ ò ní í rí i, ó ń yọ̀ ju ilá lọ. Ìbọ̀wọ́ méjì méjì, torí ọ̀kan máa sọnù.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹran àti wàrà, ẹ fi sílẹ̀. Òfin ìlú yìí ò gba ẹran kankan láti ilẹ̀ wa, ì báà jẹ́ kìlíṣì, ì báà jẹ́ pọ̀nmọ́. Ẹja gbígbẹ ní tirẹ̀, wọ́n gba tó 20 kílò. Gàrí, èlùbọ́, ẹ dì í. Ẹ̀fọ́ tútù àti iṣu ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe, nígbà tí Rye Lane ní Peckham kún fún iṣu, ata rodo, ewédú, àti àwọn tó ń fi Yorùbá ná ọjà? Irú ni kí ẹ dì ní ọ̀ra mẹ́ta, ẹ kó o sínú agolo tó dé pinpin. Àpótí tí irú bá tú sí nínú, ẹ ò lè fi lọ síbì kankan mọ́.

Ẹ gbé òrí. Ẹ gbé e dáadáa. Hítà inú ilé máa fa gbogbo omi ara yín gbẹ, ojúgun Màámi á funfun bí ẹni tó gbọn ìyẹ̀fun. Àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé òrí máa ń le níbí bí òkúta, epo pupa náà á dì gbagidi nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Orí hítà ni mo máa ń gbé abọ́ òrí tèmi lé kí n tó wọ ilé ìwẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: ẹ kìlọ̀ fún Màámi nípa ata díndín. Ẹ̀rọ kan wà lókè àjà tó ń gbọ́ òórùn èéfín, ariwo rẹ̀ lè jí òkú. Tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ò lè ṣí wíńdò torí òtútù, ẹ ò sì lè ṣàì ṣí i.

Àlàájì Ọ̀ffà

Fún àwọn Mùsùlùmí tó bá ń ka èyí: ojúmọ́ kúkurú tí Bàbá Peckham sọ, orí ìrun ló ti ń hàn jù. Àìlà bọ́ sí aago méjìlá ọ̀sán, Àlàsárì ń tẹ̀ lé e ní nǹkan bí aago méjì, Màgàríbì kò ju aago mẹ́rin lọ. Tí ẹ bá lọ síbi ìgbafẹ́ lọ́sàn-án, ìrun mẹ́ta lè ká yín mọ́ ìta. Ẹ ṣe àlùwàlá nílé kí ẹ tó jáde, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Nọ́ọ̀sì Àbíkẹ́

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, àwọn àlejò wa sì máa ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Dìsẹ́ńbà. Oògùn Màámi, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà, kó sì ju iye ọjọ́ tí ẹ máa lò lọ. Nínú òtútù, òùngbẹ kì í gbẹ èèyàn, àgbà á sì lo ọjọ́ kan gbáko láìmu omi. Ẹ máa bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wọn. Kí wọ́n máa dìde rìn nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó ju wákàtí mẹ́fà lọ láti Èkó.

Ẹ ra ìwé àdójútófò ìrìn-àjò. Mi ò fi èyí ṣeré. Ìtọ́jú pàjáwìrì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn kì í gba owó lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n gbàrà tí wọ́n bá ti gbé e gorí bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù, àlejò ń san ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń ná ilé ìwòsàn. Mo ti rí ìdílé tó ń dá owó jọ fún ọdún méjì nítorí òru mẹ́ta. 111 ni ẹ máa pè tí ẹ bá nílò ìmọ̀ràn, 999 ni ti pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Dírẹ́bà Ọmọ Èkó

Àbúrò yín mọ ibi tó yẹ kéèyàn gbé! Tó bá jẹ́ Heathrow lẹ máa balẹ̀ sí, ẹ béèrè ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line, èyí tí wọ́n ṣí ní 2022. Ẹ wọ èyí tí wọ́n kọ Abbey Wood sí níwájú, ẹ jókòó, Woolwich ló máa já yín sí láìpààrọ̀ ọkọ̀. Gbogbo ibùdó orí ojú irin yẹn ni kò la àtẹ̀gùn lọ, lífìtì wà. Tó bá jẹ́ Gatwick, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, kí àbúrò yín wá pàdé yín.

Bọ́ọ̀sì kì í gba owó lọ́wọ́ láti 2014. Ẹ gba káàdì Oyster, ẹ kó owó sí i, káàdì kan fún ẹnì kan; ẹ ò lè fi tiyín san ti Màámi. Káàdì náírà yín, ẹ má gbójú lé e. Ní 2025, bọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ 1.75 pọ́n-ùn, tí ẹ bá tún wọ òmíràn láàárín wákàtí kan, ẹ ò san nǹkan kan. Tó bá ti di 5.25 lójúmọ́ kan lórí bọ́ọ̀sì nígbà náà, ó tán, wọn ò gba nǹkan kan mọ́.

Ẹ gbọ́ ẹ̀bùn tèmi. Bọ́ọ̀sì 12. Ẹ ti ra iṣu tán ní Peckham, ẹ wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Tí orúnkún Màámi bá gbà, ẹ gòkè lọ sí ìjókòó iwájú pátápátá, níbi tí gíláàsì wà. Ó gba Camberwell, ó gun afárá Westminster, Big Ben á wà lọ́wọ́ òsì yín, ó kọjá Trafalgar Square níbi tí igi Kérésì tí àwọn ará Norway ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún láti 1947 wà, ó já sí Piccadilly Circus, ó dé Oxford Circus. Owó bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní owó lọ san ju ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lọ nínú bọ́ọ̀sì tí kò ní òrùlé, kí atẹ́gùn máa gbá wọn létí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Èmi tí mo ní kí wọ́n má lọ, ó ti ń wù mí lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ò ha ti gbówó lórí ní Dìsẹ́ńbà?

Dírẹ́bà Ọmọ Èkó

Láti ìhín lọ sílé ló ń gbówó lórí, nítorí gbogbo wa la ń sáré wálé wá jẹ ọdún. Ẹ̀yin ń lọ, àwa ń bọ̀. Nígbà tí mo mú bàbá mi wá láàárín Dìsẹ́ńbà, ìjókòó mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀dì.

Tísà Ìkirè

Mo mú àwọn ọmọ mi lọ ní 2023. Ibi tó wúlò fún wa jù ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá, torí ọ̀fẹ́ ni wọ́n, inú wọn gbóná, ìjókòó wà, ilé ìtura tó mọ́ wà. Natural History Museum fún ọmọdé, British Museum fún àgbà. Ẹ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹ má baà tò síta nínú òtútù. Wọ́n máa ń ti méjèèjì pa láti 24 sí 26 Dìsẹ́ńbà. Owó tí mo kábàámọ̀ ni èyí tí mo ná síbi ọjà Kérésì kan tí mi ò ní í dárúkọ: a sanwó ìwọlé, a sanwó eré kọ̀ọ̀kan, a ra sọ́séèjì mẹ́rin ní iye owó tó lè ra odindi ewúrẹ́, ọmọ mi kékeré sì ní òun fẹ́ máa lọ sílé.

Àjọkẹ́ Bódìjà, 17 Jánúárì

A ti dé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣèlérí pé màá jábọ̀.

Kóòtù méjì tí mo rà ní Katangowa la lò títí a fi padà. Màámi kọ̀ láti gbé tiwọn lọ́wọ́, wọ́n ní kí n má sọ àwọn di alágbàá lójú àwọn èrò. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfuurufú ṣí, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, wọn ò sọ̀rọ̀, mo gbé kóòtù lé e.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Kérésì rí gẹ́gẹ́ bí Bàbá Peckham ṣe wí. A fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí àbúrò mi ti wò sílẹ̀, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, à ń dúró fún orúnkún. Títì dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé. Màámi ní àwọn ò mọ̀ pé London lè panu mọ́.

A gun bọ́ọ̀sì 12, wọ́n gòkè. Mo ní kí wọ́n rọra, wọ́n ní kí n kúrò lọ́nà. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti yà, wọ́n á gbá iwájú ìjókòó mú bí ẹni pé àwọn ló ń wà á.

British Museum ló jẹ́ ti èmi àti wọn. Ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí wọ́n kó ohun ilẹ̀ Áfíríkà sí, orí idẹ kan wà níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀ ní 1938. Ọmọ Ifẹ̀ ni Màámi. Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ilà ojú rẹ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ẹ̀ṣọ́ ń wò wá. Wọ́n ní, "Ta ló ní kó máa bọ̀ níbí?" Mi ò ní èsì. Ohun tó dùn mí ni pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, wọn ò wọ̀ ọ́ rí, èmi náà ò wọ̀ ọ́ rí.

Ibi tí a ti ṣìṣe: Sátidé tó ṣáájú Kérésì, mo ní ká lọ wo iná Oxford Street lálẹ́. Ẹ má ṣe é tí àgbà bá wà lọ́wọ́ yín. Èrò ń tì wá bí ìgbà tí wọ́n ń já béélì, n ò rí ibi tí Màámi lè jókòó sí, ọjọ́ méjì ni orúnkún fi bú wa lẹ́yìn náà. Ata díndín náà ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí a dé. Ìyàwó àbúrò mi gun àga, ó ń fi táwẹ̀lì fẹ́ ẹ̀rọ náà, jòjòló ń ké, Màámi ń sọ pé ta ló kú.

Ojoojúmọ́ ni abọ́ òrí wà lórí hítà. Òun ni wọ́n fi ń pa ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀, lọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n tó nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀.

Kóòtù méjèèjì wà lọ́dọ̀ mi ní Bódìjà báyìí, ìbọ̀wọ́ márùn-ún (ẹ má bi mí nípa ìkẹfà). Ẹni tó bá ń lọ ní Fẹ́búárì kó wá mú un lọ́fẹ̀ẹ́, kó sáà dá a padà.

Alátẹ Katangowa

Àǹtí, ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọjà mi jẹ́. Kóòtù mẹ́rìnlá ṣì wà nílẹ̀ níbí.